Bàtà tí Kò Dé Oko

Òyìnbó tí ó kó bàtà wá sí Ifẹ̀ kì í ṣe sójà, kì í sì í ṣe oníṣòwò. Ohun tí ó jẹ́ gan-an kọ́kọ́ rú wa lójú. Jíìpù àwọn ológun ni ó gbé e dé, sájẹ́ńtì kan ni ó ń wà á, síbẹ̀ aṣọ funfun lásán ni ó wọ̀, ṣòkòtò rẹ̀ kò dé orúnkún, kò sì sí ohun ìjà kankan ní ìbàdí rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá kí wa ní Nàìjíríà ni. Wọ́n dúró ní Ẹnuwá láti béèrè ọ̀nà ilé wa, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà tí wọ́n jókòó sábẹ́ igi yí sájẹ́ńtì ká.

“Ṣé jẹ́nẹ́rà ni?”

“Rárá o, ẹ̀yin bàbá. Kì í ṣe sójà.”

“Kò yìnbọn?”

“Kò yìnbọn.”

“Kò pàṣẹ?”

“Kò pàṣẹ. Àwọn tí ń pàṣẹ ni ó ń gbà nímọ̀ràn. Ọ̀mọ̀wé sáyẹ́ǹsì ni, ọ̀gá pátápátá láàárín wọn. Bí àwọn ọ̀gá ológun bá fẹ́ ra ohunkóhun fún àwa sójà, ìbáà ṣe àgọ́, ìbáà ṣe oúnjẹ inú agolo, ìbáà ṣe oògùn tí à ń jù sínú omi odò kí a tó mu ún, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ bi pé ṣé yóò ṣiṣẹ́. Bí ó bá ní kò ní ṣiṣẹ́, ó parí nìyẹn.”

Bàbá kan bú sẹ́rìn-ín. “Ẹni tí ń sọ fún ọ̀gá pé rárá, tí wọ́n tún ń fún un ní ọkọ̀ gùn! Ẹ bá mi wá irú iṣẹ́ yẹn fún ọmọ mi. Ní ààfin tiwa, ẹni tó bá dán an wò, ẹsẹ̀ ni yóò fi lọ sílé.”

Èmi ni mo mú wọn délé. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n ń wá. Òun ni mo ń bá gbé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, tí mo fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n ti hù mí kí ó tó dé. Bàbá kékeré yìí ti lọ sí ogun Bọ́mà. Ó padà wá pẹ̀lú ọmọ ìka ẹsẹ̀ mẹ́rin péré nínú mẹ́wàá, ìyókù jẹrà sínú bàtà. Kò lè wọ bàtà mọ́. Sálúbàtà rọ́bà táyà ni ó ń wọ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ẹsẹ̀ òun.

Òyìnbó náà jókòó lórí àpótí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó gbé ẹsẹ̀ náà lé itan ara rẹ̀. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí béèrè, sájẹ́ńtì ń túmọ̀. Ọjọ́ mélòó ni bàtà fi tutù kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí yún un? Ibo ni omi ti kọ́kọ́ wọlé, ẹ̀gbẹ́ ni tàbí ìsàlẹ̀? Òwú ni ó kọ́kọ́ já ni, àbí awọ ni ó kọ́kọ́ rọ̀? Ṣé wọ́n máa ń bọ́ ọ sùn? Bàbá mi kékeré, tí kì í dá gbólóhùn méjì pọ̀ bí ọ̀rọ̀ ogun bá délẹ̀, ń sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Òyìnbó ń kọ ọ́. Ibi tí bàbá bá sáré kọjá, yóò ní kí ó padà síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ, bàbá jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, kò bò wọ́n. “Láti ọjọ́ tí mo ti dé,” ó ní, “ẹni àkọ́kọ́ tí ó béèrè nìyẹn. Àwọn yòókù, ìbọn ni wọ́n ń béèrè. ‘Ṣé o pa ènìyàn?’ Kò sí ẹni tó bi mí pé, ‘Báwo ni ẹsẹ̀?’”

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wà nídìí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo gbọ́ ọ kedere. N kò lè sọ pé n kò mọ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n kó bàtà dé, ẹsẹ̀ méjì-méjì fún ọkùnrin méjìlá, oríṣi mẹ́ta: èyí tí wọ́n fi òwú rán ìsàlẹ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ìṣó kàn, àti èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ awọ. Àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn wà ní ọ̀nà kan náà pẹ̀lú tiwa ni wọ́n kó o fún, nítorí ọ̀nà náà ga, ó rẹlẹ̀, ó gba inú odò méjì kọjá, ẹrẹ̀ rẹ̀ nígbà òjò kì í ṣe kékeré. Òyìnbó ní irú ọ̀nà báyìí gan-an ni òun ń wá. Ohun tí wọ́n máa ṣe kò le: kí wọ́n wọ̀ ọ́ lọ sóko, kí wọ́n wọ̀ ọ́ bọ̀, lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta. Kí wọ́n má kùn ún, kí wọ́n má sá a síná. Tí oṣù mẹ́ta bá pé, bàtà di tiwọn, àyàfi ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí òun máa gbà padà láti là wò.

Èmi ni wọ́n fún ní ìwé. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kí n lọ wo bàtà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n kọ iye ọjọ́ tí wọ́n wọ̀ ọ́, bí òjò ṣe rọ̀ sí, ohun tó já, ohun tó là, ẹni tí ó bó lẹ́sẹ̀. Sájẹ́ńtì tẹ̀ mí ní ejìká. “Àbúrò, bí ìwé yìí bá dára, ọ̀gá ní òun á mú ọ sí ọ́fíìsì òun ní Ìbàdàn. Inú ilé ni wàá máa jókòó, wàá máa kọ̀wé.”

Ọ́fíìsì. Mo ń rí ara mi pẹ̀lú kọ́là funfun láti ọjọ́ yẹn. N kò lè jókòó jẹun. Bí mo bá ń gé koríko ní ìdí kòkó, ọwọ́ mi á dúró, ojú mi á ti wà ní Ìbàdàn.

Sátidé àkọ́kọ́ tí mo jáde, mo bá bàbá tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, ó ń bọ̀ láti oko, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán, ẹrẹ̀ dé ojúgun.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàtà dà?”

“Ó wà nílé.”

“Ó ń bó yín lẹ́sẹ̀ ni?”

“Bó kè? Ó gbà mí bí ìgbà tí wọ́n bá mi bí i.” Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni n kò gbọ́n. “Ọmọ yìí, bàtà tuntun, bàtà sójà, o ní kí n wọ̀ ọ́ lọ sínú igbó? Ta ni yóò rí i níbẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́?”

Mo dé ilé kejì, ìyàwó ti fi àdín pa á, ó ń dán lórí pèpéle bí àwo ọlọ́jà. Mo dé ẹ̀kẹta, wọ́n ti wọ̀ ọ́ lọ kí àna. Ẹ̀kẹrin jẹ́ mùsùlùmí, ó ní Jímọ̀ nìkan ni òun ń wọ̀ ọ́ lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fẹjọ́ sùn mí pé òun kì í jẹ́ kí ó kúrò lójú òun ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Nínú àwọn méjìlá, ẹnìkan ṣoṣo ni ó wọ̀ ọ́ gba ọ̀nà oko. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Nígbà tí ó dé etí odò, ó bọ́ ọ, ó so okùn rẹ̀ pọ̀, ó fi í kọ́rùn, ó sì gba odò kọjá. Òdìkejì ni ó ti rántí pé kò sí ìdí láti tún un wọ̀.

Kò sí ìkà kankan nínú rẹ̀. Ohun tó dára, a kì í fi í fa ẹrẹ̀ níbi tiwa. Ohun tuntun, ọjọ́ ọdún ni à ń lò ó. Bí òyìnbó bá ní kí wọ́n fi ọ̀bẹ tuntun gé nǹkan, wọ́n á gé e, ṣùgbọ́n bàtà!

Mo lè ránṣẹ́ sí sájẹ́ńtì lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni yóò ti ṣòfò. Mo jókòó sórí òkúta kan ní ẹ̀bá ọ̀nà, mo ṣí ìwé. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi ni àwọn èèyàn wọ̀nyí. Èwo ni kí n kọ sílẹ̀ pé ó ṣàìgbọràn? Bí wọ́n bá sì gba bàtà padà lọ́wọ́ wọn nítorí tèmi, ojú wo ni n óò fi máa kí wọn láàárọ̀? Lẹ́yìn náà, kí n má purọ́, ọ́fíìsì náà tún wà níbẹ̀. Ìwé tí ó kún fún “kò wọ̀ ọ́, kò wọ̀ ọ́” kì í gbé ènìyàn dé Ìbàdàn.

Mo kọ ọ́: ọjọ́ mẹ́fà, òjò lẹ́ẹ̀mẹta, kò là, kò já. Mo kọ ọ́ fún ẹnìkíní, mo kọ ọ́ fún ẹnìkejì. Nígbà tí mo dé ẹnìkẹfà, mo rí i pé ó jọra jù, mo fi kún un pé ó bó o lẹ́sẹ̀ díẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Mo wá mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ohun tó ń dà mí láàmú ni bàbá mi kékeré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé e dé ọ̀nà oko mọ́, nítorí náà gbogbo Sátidé ni yóò dúró dè mí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ṣé ó ń gbìyànjú?”

“Ó ń gbìyànjú, bàbá.”

“Èyí tí wọ́n rán ńkọ́? Irú rẹ̀ ni wọ́n fún wa. Òwú rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ jẹrà.”

“Òun gan-an ló le jù, bàbá.”

Yóò mi orí. “Wọ́n ti tún un ṣe nìyẹn. Ó dára. Ó dára bẹ́ẹ̀.” Màá sáré wọlé bí ẹni tí ń wá nǹkan, màá tún jáde, màá lọ sẹ́yìnkùlé. N kì í lè bá a jókòó mọ́ ní Sátidé.

Nígbà tí ó ku ọjọ́ kan kí òyìnbó dé, gbogbo bàtà náà ń dán. Èmi ni mo dá a lábàá. N kò fẹ́ dì í ru ẹlòmíràn. Ẹnìkan nínú wọn ń kọ́lé lọ́wọ́, wọ́n ti da omi sórí amọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi mọ ògiri. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wọ bàtà, kí wọ́n wá tẹ amọ̀ náà. Ọkùnrin méjìlá tó ti bímọ, tó ti lọ́mọọmọ, wọ́n wọ inú amọ̀ pẹ̀lú bàtà sójà, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

“Lẹ́fùtì! Ráìtì!”

“Ẹ rọra, ẹ má tẹ̀ mí, tèmi ṣì tuntun!”

“Onílé, o ò ní gbàgbé wa o. Ìjọba ni ó bá ọ tẹ amọ̀!”

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wà lára ohun tó ń dùn mí jù lónìí.

Òyìnbó dé. Wọ́n to bàtà sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, gbogbo rẹ̀ pọ́n fún amọ̀. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mú ọ̀bẹ, ó la ẹyọ kan tí wọ́n fi òwú rán. Ó fa òwú náà, kò já. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ka ìwé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò yára. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń mọ́lẹ̀ sí i, ẹ̀rù sì ń bà mí sí i. Ó sọ̀rọ̀, sájẹ́ńtì túmọ̀ rẹ̀ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́: ọ̀gá kò tí ì rí ìwé tó mọ́ báyìí rí, èyí tí wọ́n fi òwú rán ni òun máa ní kí wọ́n rà, tí òun bá ti dé Ìbàdàn ni òun máa kọ ọ́ sí àwọn jẹ́nẹ́rà, wọ́n á sì rà á fún gbogbo ọmọ ogun kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi kékeré dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ òyìnbó mú. “Ẹ bá mi sọ fún un pé ó ṣeun. Àwọn ọmọ tí yóò wọ̀ ọ́ kò mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ó ṣeun.”

Ìpetumodù, ìlú sájẹ́ńtì, ni wọ́n ní àwọn máa sùn kí wọ́n tó kọjá sí Ìbàdàn. Wọ́n lọ. Mo jáde sí ìta, mo wọlé. Mo gbé omi, n kò mu ún. Ìyá mi ní, “Kí ló dé tí o ń rìn kiri bí adìyẹ tó fẹ́ yé?” Mo ní kò sí. A máa ń pa á lówe pé bí irọ́ bá sá fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi kò sá jìnnà. Ó jókòó sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú bàbá mi kékeré, inú bàbá sì ń dùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo yá kẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Mo gba Modákéké kọjá, mo dojú kọ ọ̀nà Ìpetumodù. Lórí òkè mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń tì í, mo ń sáré. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo dúró tí mo yí orí kẹ̀kẹ́ padà sílé. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo tilẹ̀ gùn ún padà díẹ̀. Mo wá rò ó pé bí mo bá délé, Sátidé ni gbogbo ọjọ́ yóò jẹ́.

Mo bá wọn ní ilé bàbá sájẹ́ńtì, wọ́n ń kó ẹrù sínú jíìpù. Mo fa sájẹ́ńtì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sọ ọ́ fún un láìmí.

Ó wò mí. “Orí ẹ pé?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún un.”

“Kí n sọ kí ni? Pé àwọn bàbá mi àtàwọn bàbá rẹ fi òyìnbó ṣẹ̀sín? Gbọ́, àbúrò, gun kẹ̀kẹ́ rẹ padà sílé. Iṣẹ́ ń dúró dè ọ́.”

“Ẹ̀yin náà máa wọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin gan-an.”

Ó yíjú sí ẹrù inú jíìpù, kò túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó ti ń bọ̀ wá síbi tí a dúró sí. Mo wá kó gbogbo èdè òyìnbó tí kíláàsì kẹrin fún mi jọ, mo ní, “Sà, ìwé náà kì í ṣe òótọ́. Wọn kò wọ bàtà náà. Èmi ni mo purọ́.”

Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ó jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn jíìpù, ó ṣí ojú ìwé tuntun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí béèrè, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe béèrè ẹsẹ̀ bàbá mi: ta ni ó wọ̀ ọ́ lọ sí ibo, ìgbà mélòó, kí ni wọ́n sọ. Sájẹ́ńtì ti padà sí ìtumọ̀, ojú rẹ̀ le bí òkúta. Nígbà tí mo dé orí ẹni tí ó fi bàtà kọ́rùn gba odò kọjá, òyìnbó ní kí n tún un sọ. Ó ní èyí náà jẹ́ ohun tí àwọn jẹ́nẹ́rà gbọ́dọ̀ gbọ́, nítorí àwọn sójà pẹ̀lú lè fi tiwọn pamọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó wá pa ìwé dé. Sájẹ́ńtì túmọ̀, kò wo ojú mi. “Ọ̀gá ní òun kì í lè dé gbogbo ibi. Ojú ẹlòmíràn ni òun fi ń rí nǹkan kí òun tó sọ̀rọ̀ níwájú àwọn jẹ́nẹ́rà. Ó ní òun kò lè fi ojú tìrẹ ríran mọ́. Kò sí iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ó ní kò sí bàtà tuntun fún òjò ọdún tó ń bọ̀ náà. Èyí tí àwọn sójà ń wọ̀ ni wọ́n ṣì máa wọ̀ la òjò kọjá.” Ó gbé kẹ̀kẹ́ mi fún mi. “Ó tún ní o ṣeun tí o wá.”

Mo sọ fún bàbá mi kékeré ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Kò bú mi. Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ àga. Fún ọjọ́ púpọ̀, bí mo bá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò dìde wọlé.

Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, sájẹ́ńtì nìkan ni ó wá, pẹ̀lú oríṣi mẹ́ta náà, ẹsẹ̀ méjì péré fún oríṣi kọ̀ọ̀kan. Òyìnbó ní kí bàbá mi kékeré yan ẹni tí yóò wọ̀ wọ́n. Bàbá yan ọmọkùnrin méjì ládùúgbò. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí mi. “Òun ni kí ẹ fún ní èyí tí wọ́n fi òwú rán.” N kò mọ̀ bóyá ìdáríjì ni tàbí ìyà, n kò sì béèrè.

Mo wọ̀ ọ́. Mo wọ̀ ọ́ nínú ẹrẹ̀, nínú odò, lábẹ́ kòkó tí ń ro omi. Ó wúwo, ó bó mi lẹ́sẹ̀ ní ti òótọ́. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, lọ́nà oko, mo gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí a bá ń fa aṣọ ya. Ìsàlẹ̀ tọ̀tún là láti iwájú, ẹrẹ̀ ń gbà á wọlé.

Mo gbé e lọ bá bàbá. Ó ti ìka rẹ̀ bọ ibi tí ó là náà, ó fa òwú, òwú já wọ́ọ́rọ́ bí irun àgbàdo. Ó dì í mú pẹ́.

“Èyí ni o ní ó le jù.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”

“Èyí ni wọn ìbá ti rà fún wọn.”

Ó fi bàtà náà lélẹ̀, ó ní kí n lọ mú ìwé wá. “Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni. Kọ ọ́ pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò ni ó ti là, kì í ṣe gìgísẹ̀. Kọ ọ́ pé òwú ni.”

Mo kọ ọ́. Ó ní kí n kà á sí òun létí. Mo kà á. Ó wo ẹnu mi, ó tún wo bàtà nílẹ̀, ó ní kí n tún un kà.